Ìdáhùn Tí Màmá Mi Fún Dókítà

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ṣeé ṣàlàyé nínú takisí. Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, láàárín Dùgbẹ̀ àti Agbowó. Bàbá kan tó jókòó tì mí béèrè ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, mo ní ìwé ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń kọ lóde òní. Ó ní ṣé mo ti gbé ibẹ̀ rí, mo ní rárá. Ó ní ṣé mo tiẹ̀ ti dé ibẹ̀ rí, mo ní wọn ò fún mi ní físà. Bàbá yìí kọjú sí fèrèsé, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Àánú mi ló ṣe é, inú sì bí mi títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn àwọn ìwé yẹn nígbà èwe mi ni pé àwọn ènìyàn inú wọn kì í pa nǹkan mọ́ra. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá nínú ìwé Amẹ́ríkà á jókòó síwájú dókítà, á bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti ń mu ọtí, á sọ ti ọkọ tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, á rọ́ àlá tó lá, kó tó wá kan ibi tó ń dùn ún. Ní ilé onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lókè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, ìgbà tí ènìyàn bá gbádùn tán ni a ń gbọ́ pé àìsàn ṣe é. Bí kò bá sì gbádùn, a ó gbọ́ náà. Èmi fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Àìsàn nínú ìwé ìtàn Amẹ́ríkà ni mo kà títí wọ́n fi fi oyè ọ̀mọ̀wé dá mi lọ́lá.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn mọ orúkọ gbogbo egungun tó wà lára, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ṣe ń bá ẹni tó ni egungun sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n wá fi ìwé ìtàn kọ́ wọn bí a ṣe ń fetí sí aláìsàn. Mo gbà, ìyẹn sì di ayé mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣí lọ sí òkè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkọ mi náà bá wọn lọ sí Kánádà, ó ní òun á ránṣẹ́ pè mí. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ọ́fíìsì mi wà, àgádágodo ló pọ̀ ju olùkọ́ lọ. Èmi ṣì ń ṣílẹ̀kùn tèmi láràárọ̀.

Òfin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà kò ṣòro. Mo ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n tó bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé bírò sílẹ̀, kí wọ́n bi í bó ṣe ń ṣe é, kí wọ́n sì dákẹ́. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ tàbí ọkọ tó tẹ̀ lé e wá gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ohun tó bá sọ, kí wọ́n gbà á gbọ́, kí wọ́n má fi tiwọn kún un. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọgbọ́n òyìnbó lásán ni, mo máa ń fi òwe wa dè é: ohun tó bá ń duni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àwọn ọmọ á kọ òwe náà sílẹ̀, àní àwọn tí kì í kọ nǹkan kan. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Amẹ́ríkà ni èmi wò, tí mo fi sọ ọmọ Ìbàdàn lórúkọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi lọ, màmá mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni títí ó fi fẹ̀yìn tì, obìnrin tó jẹ́ pé bó bá wọ yàrá, ìwọ fúnra rẹ á tún ìjókòó rẹ ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ kí n máa dá jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èmi nìkan náà ni mo tún ń jẹun, nítorí pé ó ń fi iyán sílẹ̀, ó ń ní òun ti yó. Ìró tó ń yí i ká lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀ wá ń yí i ká, ó tún ń ṣẹ́ kù. Bó bá ń fọ abọ́, á fi ikùn ti etí síǹkì bíi pé ó fẹ́ fi tẹ ohun kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Mo béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní a dúpẹ́.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road. Nígbà tí a wọlé, ta ni mo rí nídìí tábìlì bí kò ṣe ọmọ tí mo kọ́, ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ẹ̀kọ́ mi jù. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi tòun ti ẹ̀wù funfun rẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n nígbà yẹn orí mi ń wú ni.

Ó jókòó. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún mi, báwo ló ṣe ń ṣe yín?"

Màmá mi ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, ọmọ mi. Ara le. Ó kàn ń rẹ̀ mí díẹ̀ ni, àgbà ló dé."

Ọmọ náà dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Nínú àwọn ìwé mi, inú irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni òtítọ́ ti máa ń jáde, pẹ̀lú omijé. Màmá mi rí ìdákẹ́jẹ́ náà, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ó sì bá a gbé e. Ó gbàdúrà fún un. Ó béèrè ìyàwó rẹ̀, ó béèrè ọmọ rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á túbọ̀ fún un ní ọgbọ́n. Mo la ẹnu láti sọ ti iyán, ti ìró àti ti síǹkì. Dókítà náà yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì fúnra wọn sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ mi ló fi dá mi lóhùn. Mo pa ẹnu dé. Kí Ọlọ́run má ṣe kà á sí mi lọ́rùn, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé mo ti rí èso iṣẹ́ mi lójú ayé.

Dókítà fún màmá mi ní oògùn ọgbẹ́ inú àti oògùn ẹ̀jẹ̀. A padà lọ, ó tún béèrè dáadáa, màmá mi ní ó ti sàn, ó ní oògùn rẹ̀ kò láfiwé. Inú dókítà dùn. Ọmọ tó bá na gbalaja sílẹ̀ nítorí tìrẹ, o ò ní wò ó lójú kí o sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Nínú mọ́tò, bí a ṣe ń padà sí Bódìjà, mo rí màmá mi tó ń di ilẹ̀kùn mú ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́. Mo ní ṣé ó ń dùn ún ni. Ó ní kí n máa wo iwájú.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Baṣọ̀run ló kọ́kọ́ rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi ìyeyè, nígbà tí wọ́n jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú oòrùn. A lọ ya fọ́tò inú ní Òkè Àdó, a gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá. Ọ̀gá yìí sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ó gba orí màmá mi kọjá, bíi pé màmá mi kò fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ènìyàn rí. Jẹjẹrẹ ni. Inú ikùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀. Ó ní bí ó bá ṣe pé wọ́n tètè rí i ni, abẹ ì bá lè ṣe nǹkan. Ó béèrè bóyá ìyá kò tíì ráhùn fún dókítà kankan láti ọjọ́ yìí. Mo ní a lọ rí dókítà. Ó ní kí ni ìyá wá sọ fún un. Mo sọ ohun tí màmá mi sọ. Ọ̀gá náà mi orí, ó sì pe ẹni tó kàn.

Láti ìgbà náà, ìrora ló kù tí a ń bá jà. Nọ́ọ̀sì kan ń wá sílé láràárọ̀. Ó ní oògùn líle kan wà nínú báàgì òun, olómi, tí wọ́n ń rọ síni lẹ́nu, tó lè mú kí màmá mi sùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí ìrora náà ti pọ̀ tó kó tó lè gba àṣẹ lọ́dọ̀ dókítà láti fún un. Láràárọ̀ ni ó ń béèrè. Láràárọ̀ ni màmá mi ń ní ó ti rọlẹ̀, a dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì á fún un ní oògùn orí fífọ́ lásán, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, màmá mi á fa etí ìró rẹ̀, á fi eyín dì í mú.

Mo sáré tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì náà dé ẹnu géètì lọ́jọ́ kan, mo ní ìrora náà pọ̀, mo fi ojú mi rí i. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn pé òun kò lè fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún aláìsàn ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Aláìsàn ni kó sọ ọ́. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo eruku pákó tó ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà ọjà. Ohun tó lè mú kí ìyá mi sinmi wà nínú báàgì ẹni ẹlẹ́ni, ẹnu ìyá mi nìkan ló lè ṣí i, ẹnu náà kò sì ní yà.

Mo bẹ màmá mi. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò ràn án, mo bínú sí i. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní òun lòun kọ́ mi ní òwe yẹn, ó sì tún ní òmíràn tí òun kọ́ mi tí mi ò gbọ́: kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá lóòrùn. Mo wọ yàrá mi lọ, mo jókòó láàárín àwọn ìwé Amẹ́ríkà mi. Gbogbo wọn kún fún ẹni tó ń sọ ibi tó ń dùn ún. Kò sí èyí tó lè bá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀. Ó wù mí kí n dáná sun wọ́n.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, kò síná, ó ní irun wúwo lórí òun, kí n wá tú u. Ó jókòó sórí àpótí láàárín orókún mi, èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ìjókòó ojúkojú ni mo ń sọ, pé kí wọ́n wo aláìsàn lójú. Ẹ̀yìn orí màmá mi ni mò ń wò lọ́jọ́ yẹn, òun ń wo ògiri. Mo tú ẹsẹ̀ irun kan, mo tú èkejì. Mo ní ṣé ara le, Mọ́mì. Ó ní a dúpẹ́. Ọwọ́ mi kò dúró. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo tún un béèrè, ohùn mi kò sì lọ sókè.

"Mọ́mì, báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an?"

Mo gbọ́ tí àyà rẹ̀ lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ó ń dùn mí. Ó ń dùn mí débi pé mi ò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá ti ní Bàbá wa báyìí, ibẹ̀ náà ló ń gé e sí. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ring Road. Ó ní ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ fún òun láàárọ̀ kùtù, ṣé kí òun wá kó ìbànújẹ́ lé e lórí ni. Ó ní ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kan, ìkíni ló ń kíni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, á tún un béèrè. Ó ní gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Èmi tí mo ń kọ́ni, mi ò mọ̀ ọ́n. Tàbí kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n ní ilé, mo sì gbàgbé rẹ̀ sí ilé nígbà tí mo ń lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Nígbà tí ọkọ rẹ kò pè mọ́ láti Kánádà, mo bi ọ́ pé báwo nilé. Kí lo sọ fún mi?"

Mò ń fi òòyà la irun rẹ̀.

"O ní a dúpẹ́. Mi ò sì tún un béèrè. Ó yẹ kí n tún un béèrè."

Mo lè sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé irun ti tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bẹ nọ́ọ̀sì pé kó jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wo ojú rẹ̀, kó sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn náà, ó sì sùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Baṣọ̀run wá kí i ní ọ̀sán, ó ní báwo lara, màmá mi ní a dúpẹ́, ó ti ń le, ó sì yíjú wò mí fìrí. Gbogbo ohun tí ìwé kíkà mi rí gbà fún ìyá mi nìyẹn, oorun fún ìgbà díẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níkẹyìn, bí mo ṣe fi gbogbo ayé mi wàásù pé kí a máa gbọ́ ọ, gbígbọ́ náà kò sì dá nǹkan kan dúró. Òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tó kú. A gbé e lọ sílé lọ sin.

Nígbà tí mo padà sí Bódìjà, dókítà Ring Road wá bá mi kẹ́dùn. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Mo ní kó dìde, ó jókòó sí etí àga, ó ń yí aago ọwọ́ rẹ̀ kiri.

Ó ní, "Mà, mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. O ṣe é dáadáa."

Mo bu omi fún un, ó mu ún, ó lọ. Mo jókòó sórí àga tí màmá mi máa ń jókòó sí, mo sì ronú pé ìgbésí ayé mi ti ṣòfò. Mo ṣì ń rò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo sunkún, mo ríran, ohun tí mo rí kò sì dùn ún wò.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì padà. Kíláàsì àkọ́kọ́, mi ò tiẹ̀ ṣí ìwé Amẹ́ríkà kankan. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pa òfin àtijọ́ rẹ́. Mo ní a dúpẹ́ kì í ṣe ìdáhùn. Ẹnu ọ̀nà ni, kí wọ́n má dúró síbẹ̀ kí wọ́n yí padà. Mo ní kí wọ́n gbé àga ti aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n jọ kọjú síbì kan náà, kí wọ́n tún un béèrè. Mi ò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ti àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, ọmọbìnrin kan dúró. Kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó, mò ń kó ìwé mi jọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó dìde, ó fa àga kan, ó gbé e tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe iwájú mi, ó sì jókòó. Àwa méjèèjì ń wo pátákó. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn oníṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ń bọ̀ láti Agbowó.

Ó ní ṣé ara le, mà. Mo ní a dúpẹ́.

Kò dìde. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

"Mà, báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an?"

Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ. Ó béèrè rẹ̀ dáadáa ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ. Mo la ẹnu. Mo rí irun màmá mi, mo rí síǹkì, mo rí ọwọ́ tí dókítà gbé sókè sí mi ní Ring Road.

Mo ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ara ti ń le. Lọ wá nǹkan jẹ."

Ó dúpẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Ó gbà mí gbọ́.